Ààrò Ìyá Abíọ́nà àti Àṣẹ Keje

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Kòó! Kòó! Kòó!

Gbogbo ọmọ Òkè-Àgbàrá, àti ìletò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lábẹ́ adé rẹ̀, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó dá òkèlè dúró. Ẹni tó ń jà, kó di aṣọ ẹnì kejì mú títí n ó fi parí. Sáfù, sọ adìyẹ yẹn kalẹ̀ kí o wá gbọ́. Èmi Òjélàdé, akéde ààfin, ọmọ akéde, ọmọ ọmọ akéde, ni mò ń sọ̀rọ̀. Kábíyèsí kí yín. Wọ́n ní kí n kí yín dáadáa kí n tó dẹ́rù bà yín.

Ilẹ̀ wa ti lajú! Mo tún un sọ, ilẹ̀ wa ti lajú! Akọ̀wé Bánjókò, ọmọ wa tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì nílùú ńlá, ti padà dé pẹ̀lú báàgì tuntun. Ó ní lọ́hùn-ún, bí ẹnìkan bá dá àrà tí ẹnikẹ́ni ò dá rí, ìjọba á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ láìtọrọ àyè. Bí èèyàn bá sì ní àmì tó ń fi sára ọjà rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sára tirẹ̀. Kábíyèsí gbọ́, wọ́n mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Bí Kábíyèsí bá ti mi orí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ti délẹ̀ fún èmi.

Kí ló fà á? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ààrò Ìyá Abíọ́nà ni. Ìyá Abíọ́nà, ìyàwó mi, òun ló mọ ààrò gàrí tí èéfín rẹ̀ ń gba ẹ̀yìn jáde, tí kì í kan ojú ẹni tó ń yan gàrí. Tẹ́lẹ̀, ẹkún làwọn obìnrin wa fi ń yan gàrí. Àlejò tó bá wọ̀lú lọ́jọ́ náà á rò pé ọba wàjà. Ìyá Abíọ́nà po amọ̀, ó wó o, ó tún un pò. Ọdún mẹ́ta gbáko! Ó mọ ọ́n tán, ẹkún dáwọ́ dúró. Obìnrin mẹ́rìnlá ló ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé mi báyìí, orin ni wọ́n sì ń kọ.

Ìgbà náà ni Sùnmọ́nù dé, bíríkìlà ará Ìsàlẹ̀-Odò. Ó ní òun wá kí wa. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sùn nílé mi! Iyán mi ló jẹ! Ó ń bi ìyàwó mi pé kí ló dé tí amọ̀ apá ibí yìí fi pupa, ìyàwó mi sì ń ṣàlàyé, nítorí àlejò ni. Nígbà tó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ irú ààrò yẹn kiri, ó ń tẹ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ sí i lára pé òun lòun dá a. Ìyá Abíọ́nà kàn ń po amọ̀ rẹ̀ lọ. Kábíyèsí ló bínú sí Sùnmọ́nù. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá Ilé Àmì sílẹ̀, nínú abà iṣu tó wà lẹ́yìn ààfin. Tábìlì kan, ìwé ńlá kan, òǹtẹ̀ kan, àti ewúrẹ́ Olorì tó kọ̀ láti jáde kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ṣí i. Ta ló kọ́kọ́ dé? Èmi ni! Mo forúkọ igbe mi sílẹ̀. “Ẹ gbọ́ o” lẹ́ẹ̀mejì àti agogo lẹ́ẹ̀mẹta, tèmi ni wọ́n. Bánjókò rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lu òǹtẹ̀ sí i. Ìwé kìíní nìyí nínú àpò mi. Ẹ wò ó. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ó yá, àwọn àṣẹ rèé. Ẹ gbọ́ o!

ÀṢẸ KÌÍNÍ! Gbogbo àrà tí ẹnikẹ́ni bá dá, kó wá kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín! Kì í ṣe ẹni tó ṣe é. Kì í ṣe ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣe é. Ẹni tó kọ́kọ́ dé! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi Bánjókò léèrè ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló nàka sí ìwé. Ẹni tó bá ṣe àfarawé ohun oníǹkan, a ó gba oríkì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kò sí Àkànní, kò sí Àjọkẹ́. Orúkọ lásán ni ìyá tó bí i yóò máa pè é, bí ẹni tó wá sanwó orí.

ÀṢẸ KEJÌ! Ìwé tí Bánjókò mú bọ̀ sọ pé gbogbo àmì tí a fi ń dá nǹkan mọ̀ ni kí á kọ sílẹ̀. Àmì wo la fi ń dá ara wa mọ̀ nílẹ̀ yìí bí kò ṣe ilà ojú? Nítorí náà, gbogbo onípélé, gbogbo alábàjà, gbogbo onígọ̀ǹbọ́, ẹ gbé ojú yín wá sí Ilé Àmì lọ́jọ́rú! Ẹ má rán ọmọ wá. Ojú yín gan-an la fẹ́. Wọn á fi yíǹkì kùn ún, wọn á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Àgbà mẹ́rin ti tẹ tiwọn. Ọ̀kan sín lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí bàbá àti ọmọ bá kọ irú ilà kan náà, kí ọmọ gba ìwé àyè lọ́wọ́ bàbá.

Ní ti àwọn ìbejì, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ọ̀rọ̀ Táíwò àti Kẹ́hìndé, àwọn ahunṣọ ìsàlẹ̀ ọjà, kò tíì lójú. Ta ló ni ojú tí àwọn méjèèjì jọ ń lò? Táíwò ní òun lòún kọ́kọ́ dé. Kẹ́hìndé ní òun lòún rán an níṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìgbìmọ̀ ti jókòó lé e. Obì ti tán láàfin.

ÀṢẸ KẸTA! Àkùkọ méjì kò gbọdọ̀ kọ bákan náà ládùúgbò kan! Èyí tó bá kọ kẹ́yìn ló jí ohùn èyí tó kọ́kọ́ kọ. Ìjìyà rẹ̀, ọbẹ̀. Ààfin yóò rán ẹni tó máa tọ́ ọ wò.

ÀṢẸ KẸRIN! Rájí télọ̀ ti forúkọ “ẹ kú ìrìn” sílẹ̀. Tirẹ̀ ni! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ mọ́ láìkọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Rájí. Bí àlejò bá dé, tí Rájí ò sí nílé, ẹ máa wò ó. Ẹni tó bá ṣẹ̀, yóò ro ọ̀nà odò láti orí afárá títí dé ìdí igi ọsàn. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń kùn. Ẹ kùn sínú.

ÀṢẸ KARÙN-ÚN! Ọmọdé tó bá fẹ́ pòwe níwájú àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni òwe! Kó ní, “Tótó, ó ṣe bí òwe o.” Bánjókò gbé òfin yìí jáde pẹ̀lú òógùn lójú. Ó ní nílùú ńlá, èèyàn méjìlá ló jókòó tì í kí wọ́n tó rí i. Ó dára. Bàbá ńlá wa náà rí i, ìdí ẹmu ni wọ́n sì wà.

ÀṢẸ KẸFÀ! Kò sẹ́ni tó ju òfin lọ! Kò sẹ́ni tó ju òfin lọ! Ẹnikẹ́ni tó bá lo ohun tí ẹlòmíràn ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láìgbàyè, ìbáà ṣe ìjòyè, ìbáà ṣe Kábíyèsí fúnra wọn, yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gbá ẹnu ọ̀nà Ilé Àmì. Kábíyèsí ti tẹ̀ ẹ́ ní ìka. Inú wọn dùn nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ọba rere ni wọ́n.

Ó ku ẹyọ kan. N kò tíì ka eléyìí. Ẹnu géètì ni Bánjókò ti sáré bá mi lẹ́ẹ̀kan, ó kì í bọ̀ mí lọ́wọ́, kò wo ojú mi. Yíǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ pàápàá.

ÀṢẸ KEJE! Níwọ̀n ìgbà tí Sùnmọ́nù, bíríkìlà Ìsàlẹ̀-Odò, ti wá sí Ilé Àmì lọ́jọ́ Ajé, tó sì forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ààrò tí èéfín rẹ̀ ń gba ẹ̀yìn jáde. Níwọ̀n ìgbà tí ẹlòmíràn kò wá. Kí obìnrin tí wọ́n ń pè ní...

Ẹ dúró ná.

Kí obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Abíọ́nà wó ààrò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀. Kí àwọn obìnrin mẹ́rìnlá tó ń lò ó padà sídìí ààrò àtijọ́. Kí ó má sì mọ òmíràn mọ́ láé, àfi bí Sùnmọ́nù bá yọ̀ǹda fún un.

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi bàjẹ́. Mo ní kó lọ sí Ilé Àmì lọ́jọ́ Ajé o! Kò lọ. Ó ń mọ ààrò fún Ràfátù opó, tí èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lójú. Ó ní ẹni tó bá dúró níwájú èèyàn tó ń sọ pé èmi ni mo ṣe é, èmi ni mo ṣe é, kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ó ní aráyé ló máa ń báni sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ẹ̀yin náà. Ta ló wá bá a sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé? Kò sẹ́nì kan! Èmi ọkọ rẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, níwájú ìwé tó mọ́ tónítóní, ẹnu ara mi ni mo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo lè kọ tirẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn. Ojú ń tì mí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí àṣẹ kẹfà. Kò sẹ́ni tó ju òfin lọ! Ta ló ni “ẹ gbọ́ o”? Ìwé kìíní, ẹ tún un wò! Ààfin ha tọrọ àyè lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ Ajé? Wọn ò tọrọ. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé láti ayé bàbá bàbá mi, àṣẹ tí a kò bá ké nílẹ̀ yìí kò tíì di àṣẹ. Ó dára. Mo yọ̀ǹda igbe mi fún àṣẹ mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹ máa gbé ojú yín lọ fún yíǹkì. N kò yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìkeje.

Bí ààfin bá fẹ́ kí n ké e, kí Sùnmọ́nù wá lọ́jọ́ Ẹtì. Kó mọ ààrò tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tìyàwó mi. Kí wọ́n dáná sí méjèèjì, kí Kábíyèsí jókòó sáàárín. Ohun tí ojú rí ló jí kọ́. Ohun kan wà nínú ọ̀fun ààrò yẹn tí ojú kò rí. N kò ní sọ ọ́. Mo ti kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Ìsàlẹ̀-Odò, ẹ wo ojú àwọn ìyàwó Sùnmọ́nù. Wọ́n ṣì ń sunkún! Ẹni tí èéfín ààrò rẹ̀ bá mú ẹyinjú Kábíyèsí pọ́n lọ́jọ́ náà, kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé. Bó bá jẹ́ tìyàwó mi ló rú èéfín, èmi fúnra mi ni n ó ké àṣẹ keje, n ó sì fi agogo kún un.

Wọ́n lè ní àwọn lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n lágbára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìlú tó mọ̀ pé wọ́n lé mi, wọ́n gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀. Kí wọ́n wá tọrọ àyè.

Mo ti jíṣẹ́ mẹ́fà, mẹ́fà náà ni mo jẹ́. Iwájú ló ń pe akéde, ẹ yà fún mi lọ́nà. Rájí, bá mi kí ara mi kú ìrìn. Ìyá Abíọ́nà, níbikíbi tí o bá wà, fi ìkòkò agbada rẹ sórí iná. Ní ti àṣẹ keje, ọmọ Òkè-Àgbàrá, tọmọdé tàgbà:

Ẹ ò gbọ́ o! Ẹ ò gbọ́ o!