Ìlẹ̀kẹ̀ Mẹ́rin Ọ̀jọ̀gbọ́n Theophilus

Bí wọ́n bá ń pín ìgbéraga ní Yábàá, Theophilus Abọ́dúndé á gba tirẹ̀, á gba ti aládùúgbò, á tún padà wá béèrè èènì. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́místìrì lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ní tíṣà ti bú u. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni kí ẹ pè é! Arógbọ́n-má-yá-a! Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Theophilus kò yá tẹnì kankan lò rí.

Lọ́dún yẹn, àwọn òbí fẹ́ yan ọ̀gá fún ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tuntun. Theophilus fẹ́ àga náà bí ológbò ṣe ń fẹ́ ẹja. Ló bá ní òun ti ṣàwárí gáàsì kan tó ṣe ìkẹta méjì tí ìwé ti mọ̀, ìbátan gáàsì kábáàdì táwọn wẹ́dà Pápá Àjàó fi ń jó irin. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́: Tiofilọ́áìnì.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bá a jiyàn. Rónkẹ́, ọmọ Àrínọlá onílẹ̀kẹ̀ ní Tejúoṣó, ní gáàsì méjì lòun rí, òun ò rí ẹ̀kẹta. Theophilus fa ìlà pupa lé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò GCE. Lọ́jọ́ Ajé ni ìwé náà ń lọ. Bí orúkọ Rónkẹ́ ò bá sí níbẹ̀, ó di àmọ́dún.

Nígbà tó di Sátidé, gbọ̀ngàn kún fáwọn òbí tó wá yan ọ̀gá, àtàwọn ọmọ kíláàsì. Theophilus gbé okùn ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta jáde, ìlẹ̀kẹ̀ dúdú mẹ́rin-mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìlẹ̀kẹ̀ kan, kábọ́ọ̀nù kan. Okùn ẹyọ kan ló so wọ́n pọ̀, àfi ibì kan tó ti di okùn mẹ́ta. Àárín èkíní sí èkejì: Biutáìnì Kìíní. Àárín èkejì sí ẹ̀kẹta: Biutáìnì Kejì. Àárín ẹ̀kẹta sí ẹ̀kẹrin..." Ó gbá àyà. "Tiofilọ́áìnì! Òyìnbó gan-an ò mọ̀ ọ́n!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Theophilus wú bíi búrẹ́dì tó jábọ́ sínú tíì.

Àrínọlá dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ò kàwé o. Ìlẹ̀kẹ̀ ni mo mọ̀. Ẹ jẹ́ n rí èyí tó ń jẹ́ orúkọ yín."

Inú Theophilus dùn: púrúǹtù fẹ́ fọwọ́ kan ìmọ̀! Ó nà án sí i.

Àrínọlá yí i po, ọ̀tún di òsì. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Biutáìnì Kìíní. Kì í ṣe pé wọ́n jọra; ọ̀kan náà ni wọ́n.

"Sà, bí mo bá yí ìlẹ̀kẹ̀ po ní ìsọ̀ mi, tí mo ní òmíì ni, olè ni wọ́n máa pè mí."

"Ẹ má yí i!" Theophilus lọgun. "Tẹ́ ẹ bá ti yí i, kì í ṣe tèmi mọ́!"

Alàgbà Oyèwọlé, alága àwọn òbí, dìde, ó kẹ̀yìn sí wọn. "Tíṣà, mo ti yí. Ta ni mí báyìí?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ fa òrùlé ya.

"Apá tí okùn mẹ́ta bá ti sún mọ́ etí ni wọ́n ti ń kà á, sà," ni Rónkẹ́ wí. "Ó wà nínú ìwé tẹ́ ẹ fi ń kọ́ wa."

Alága tẹ́ ìwé orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò síwájú Theophilus. "Kọ orúkọ ọmọ yẹn padà."

Theophilus wo ẹ̀yìn, kò rí ibi jókòó. Àrínọlá ni wọ́n ti fi jókòó sórí àga tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí fún ọ̀gá tuntun. Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì, ó mú gègé, gbogbo kíláàsì sì ń pe orúkọ Rónkẹ́ fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.