Àna Láti Òdìkejì Odò

Odò ńlá kan ló la orílẹ̀-èdè méjì láàárín. Kóńgò ni wọ́n ń jẹ́ lápá ibí, Kóńgò náà ni wọ́n ń jẹ́ lọ́hùn-ún. Kinshasa wà létí odò níhìn-ín, Brazzaville kọjú sí i. Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, Bikindou ará Brazza wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá, òun nìkan, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì ẹmu kan, ó wá tọrọ Luzolo láti fi ṣaya. Bàbá Luzolo ń bẹ, ìyá rẹ̀ ń bẹ, ṣùgbọ́n nínú àṣà tiwọn, arákùnrin ìyá, tí wọ́n ń pè ní noko, ló ni bẹ́ẹ̀ ni, òun ló ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Noko Mavakala jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó wọ kóòtù, ó so táì, ó ró tówẹ̀lì mọ́dìí. Ṣòkòtò rẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù, ó ń retí iná.

"Ta ló bá ọ wá?"

"Èmi nìkan ni, Noko."

"Ọmọ kì í fẹnu ara ẹ̀ tọrọ ìyàwó. Bàbá ẹ ńkọ́?"

"A ti sin wọ́n. Oṣù méjì rèé."

"Pẹ̀lẹ́. Noko tìẹ wá ńkọ́?"

"Wọ́n láwọn ò lè sọdá. Wọ́n ní ní Kinshasa, wọ́n á bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn, wọ́n á tún ní kó wá ná an."

Noko Mavakala fẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì ẹmu sẹ́yìn.

"Gbé ẹmu ẹ. Mi ò fọmọ mi fún Brazza. Ìlú tó dákẹ́ bí ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án. Mo débẹ̀ rí. Mo sín lójú títì, àdúgbò kejì ni wọ́n ti kí mi pẹ̀lẹ́."

Luzolo ti kìlọ̀ fún Bikindou: má bá a jiyàn, gbogbo ohun tó bá sọ ni kó o gbà.

"Òótọ́ ni, Noko."

"Níbí ńkọ́? Èèyàn lè ké tóhùn ẹ̀ á fi há, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ìlú nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Noko."

"Ẹ níná lọ́hùn-ún?"

"Ó ń wá, ó ń lọ."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré tó yẹn. Ìsédò, ògiri tí wọ́n fi ń sé odò kó lè máa fún wa níná, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́ ọ parí, gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀ ni ó..."

Gílóòbù ara igi tàn. Noko Mavakala fò dìde, tówẹ̀lì fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ó ki áyọ́ọ̀nù bọná, ó tutọ́ sí i wò, ó lọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan. Bó ṣe tẹ́ èkejì sílẹ̀, iná lọ. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ kan gún bí ọ̀bẹ, èkejì rún bí ewé gbígbẹ.

"Kí ni mò ń sọ?"

"Gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀, Noko."

"Ó máa tàn fún wọn." Ó jókòó. "Omi ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ kan wà ládùúgbò wa. Ìjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń yọ omi."

"Ẹ̀rọ kan? Mẹ́ta la ní nínú ọgbà yìí."

"Omi ń jáde níbẹ̀?"

"Ẹ̀rọ là ń sọ, o ń sọ omi. Kí lẹ̀ ń jẹ?"

"Saka-saka, Noko. Ewé ẹ̀gẹ́."

"Ṣé o rí i? Ewé lásán. Ìyàwó mi ń se pondu lọ́wọ́ báyìí."

"Pondu náà, ewé ẹ̀gẹ́ ni."

"Ewé ẹ̀gẹ́ tibí rójú ayé." Ó tẹ̀ síwájú. "Èyí tó le jù ló kù. Àwọn ọmọ tí Luzolo máa bí, ọmọ ta ni wọ́n?"

"Ọmọ yín ni, Noko."

"Ọmọ mi. Bàbá ò lọ́mọ. Ẹ̀jẹ̀ ìyá lọmọ, noko ló ni ín. Òfin yẹn, odò ò gé e. Ṣé kí àwọn ọmọ mi wá dàgbà síbi tí wọ́n ti ń kí èèyàn torí pé ó sín?"

Luzolo ní kó máa gbà. Bikindou gbà.

"Noko, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Kinshasa ló dáa. Èmi ló máa sọdá wá. Káwọn ọmọ yín dàgbà lọ́dọ̀ yín."

"Lọ́dọ̀ ta ni?"

"Lọ́dọ̀ yín. Nínú ọgbà ẹlẹ́rọ mẹ́ta. Ìbejì là ń bí nílé wa, Noko. Kí Luzolo bí lẹ́ẹ̀mẹta péré, ọmọ yín ti pé mẹ́fà."

Noko Mavakala bojú wo ilé. Yàrá méjì ni. Àwọn tó ń gbé inú ẹ̀ ti pé mọ́kànlá.

"Dúró ná. Kí là ń sáré sí? Ibi tó dákẹ́ lọmọdé ń fẹ́."

"Tó dákẹ́ bí ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án?"

"Oorun ló ń mú ọmọ dàgbà. Ta ló ní oorun ò dáa?"

"Ẹ ní téèyàn bá sín, wọ́n á kí i."

"Ọmọlúàbí ni wọ́n. Kinshasa yìí, ọmọ á ké tóhùn ẹ̀ á fi há, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ṣé ìlú nìyẹn?"

"Iná wa ń wá, ó ń lọ."

"Ó kúkú ń wá. Wo ẹsẹ̀ mi." Ó na méjèèjì. "Ta ló lórí pípé tó máa tọ́ ọmọ síbí?"

Ó fa kẹ́ẹ̀gì mọ́ra, ó bu ife kan, ó mu ún. Ó bu èkejì.

"Mo ti mu ún. Luzolo ti di tìẹ. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ò tíì lọ, ẹ tètè bá a. Àdúgbò wo lẹ máa gbé ná?"

Bikindou ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá tó tọ́ ọ kì í purọ́, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n sin ín.

"Ilé bàbá mi là bá máa gbé, Noko. Yàrá mẹ́rin."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Àwọn ọmọ àbúrò wọn obìnrin ló wà níbẹ̀ báyìí. Ọjọ́ kẹta ìsìnkú ni wọ́n kó dé. Wọ́n ní ọmọ kì í jogún bàbá, ẹ̀jẹ̀ ìyá ló ń jogún. Mo padà lọ mú ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi kan. Ọ̀kan nínú wọn ló wọ̀ ọ́. Ó bá a mu jù mí lọ."

Noko Mavakala gbé ife sílẹ̀.

"Òfin wo nìyẹn?"

"Èyí tódò ò gé, Noko."

"Níbo wá lò ń sùn?"

"Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún bàtà ṣe. Abẹ́ tábìlì. Ó dákẹ́ dáadáa."

Noko Mavakala tún bojú wo ilé. Ó wo ẹmu. Ẹmu tí noko bá ti mu, kò ṣeé bì jáde mọ́.

"Yàrá kan wà lẹ́yìnkùlé," ló wí. "Ewúrẹ́ ló wà níbẹ̀. A máa bá a sọ ọ́."

"Ẹ ṣeun, Noko. Ẹ̀yin náà á máa rí àwọn ọmọ yín lójoojúmọ́."

"Mélòó lo ní wọ́n máa jẹ́?"

"Mẹ́fà."

"Bikindou, gbọ́ mi dáadáa. Láti òní lọ, bàbá ló lọmọ."