Ìdọ̀bálẹ̀ Ẹ̀yìn Tábìlì

“Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́!”

Gbàù! Ọ̀gbẹ́ni Ignatius, olùkọ́ ìtàn wa, fọwọ́ lu tábìlì.

“Ọmọ aráyé dọ́gba. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!”

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bí ẹni tí ajá ń lé. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan nítòsí Ọ̀mù-Àrán ni, ọdún kẹta lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ìfaradà àti ìdọ́gba láwùjọ ni àkòrí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ náà. Èmi ni alága, mo jókòó sórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wúlẹ̀mọ̀tù, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin, nawọ́ sókè.

“Sà, tó bá jẹ́ bàbá ẹni ńkọ́?”

“Bàbá ẹni náà ni! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!”

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ló wà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fi ṣí. Kíììì.

Bàbá Bámigbóyè ló wọlé, àgbẹ̀ ará Arandun, pẹ̀lú àpò iṣu léjìká. Ó gbé e wá fún ọmọ rẹ̀, Mọ́láyọ̀, tó ń kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ wa.

Ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé. Mọ́láyọ̀ yìí ni Ignatius fẹ́ fi ṣaya. Ó ti lọ sí Arandun lẹ́ẹ̀mejì, ó ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àyà kan ilẹ̀. Ìdáhùn kan náà ni bàbá ń fún un: “Mo ṣì ń wò ọ́.” Sátidé tó ń bọ̀ ni yóò sọ bóyá yóò fún un lọ́mọ tàbí kò ní fún un. Ẹ sì mọ òfin àna níbí: ibi yòówù kí o ti rí bàbá ìyàwó, ì báà jẹ́ nínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ ni wàá nà sí.

Òógùn tó bo Ignatius tó bomi rin oko iṣu kan.

Ó wo bàbá. Ó wo pátákó, níbi tó ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́: KÒ SÍ ÌDỌ̀BÁLẸ̀. Ó wo Mọ́láyọ̀ tó jókòó níwájú láàárín àwọn olùkọ́. Mọ́láyọ̀ fojú tọ́ka sí ilẹ̀.

Ló bá mọ̀ọ́mọ̀ ju ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Háà, ṣọ́ọ̀kì mi!”

Gbìì! Ó nà gbalaja lẹ́yìn tábìlì.

Áà! Aṣọ tí a fi bo tábìlì náà gùn dé ilẹ̀! Bàbá kò rí nǹkan kan. Èmi nìkan ni mo rí i. Ẹ̀rín ń pa mí! Mo gé ètè mi jẹ.

Ó dìde. Bàbá ṣì ń wò ó.

“Háà, bírò mi!”

Gbìì!

“Háà, ìwé mi!”

Gbìì!

“Sà,” ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí, “ṣé ara yín yá báyìí?”

Bàbá rọra gbé àpò iṣu kalẹ̀.

“Tíṣà Ignatius, ojú fèrèsé ni mo ti ń gbọ́ ọ látàárọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni pé o ní ẹ̀tọ́ láti má dọ̀bálẹ̀ fún mi?”

“Ẹ̀... ẹ̀tọ́ ni, sà.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ṣé ìfaradà náà wà nínú ẹ̀kọ́ yín?”

“Ó wà níbẹ̀, sà.”

“Èmi náà ńkọ́? Ṣé mo ní ẹ̀tọ́ láti gbé ọmọ mi fún ẹlòmíràn?”

GBÌÌÌÌ!

Kì í ṣe ẹ̀yìn tábìlì mọ́ o! Ọkùnrin náà fò láti orí pèpéle, ó fàyà balẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn, ó yọ̀ lórí símẹ́ǹtì, ṣàáààà, kóòtù funfun ń gbálẹ̀ lọ, títí orí rẹ̀ fi kọlu àpò iṣu.

“Ẹ kú àbọ̀, sà! Ẹ kú ìrìn, sà! Ẹ kú ẹrù, sà!”

Bàbá wò ó. Ó yí i ká, ó wo àyà rẹ̀ bóyá ó kan ilẹ̀ dáadáa.

“Tètè dé ní Sátidé,” ló wí.

Wúlẹ̀mọ̀tù ṣí ojú-ìwé tuntun.

“Sà, ṣé ká kọ èyí náà sílẹ̀?”

Ilẹ̀ níbẹ̀ ni Ignatius ti dáhùn, kò tilẹ̀ gbórí sókè:

“Ẹ kọ ọ́! Kí ẹ sì fagi lé gbogbo èyí tó wà lókè rẹ̀!”