Àga Tó Gbé Káfíńtà Dé Ilé Ẹjọ́

Yàrá kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì lọ́yà yìí, lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Àwọn oníṣòwò kéékèèké ló ń bá ṣe ẹjọ́, owó ẹ̀ kì í sì í ga wọ́n lára. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, káfíńtà kan wọlé pẹ̀lú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ́wọ́, jìnnìjìnnì ti bò ó. Obìnrin kan tó ní ilé oúnjẹ ló pè é lẹ́jọ́ pé àga tó kàn fún òun wó mọ́ oníbàárà nídìí. Bí káfíńtà bá jẹ̀bi, ṣọ́ọ̀bù tó ti ń jẹun nínú ẹ̀ láti ogún ọdún nìyẹn tí wọ́n máa tì pa.

"Lọ́yà, ẹ má bínú o. Owó tí ẹ kọ sẹ́nu ọ̀nà yẹn kéré. Ṣé òfin tiyín pé?"

"Òfin kan náà ni. Amúlétutù ni àwọn lọ́yà olówó ńlá fi jù mí lọ. Ẹ jókòó, ọ̀gá. Ta ló ba àga yẹn jẹ́?"

Káfíńtà ṣàlàyé. Òun kì í fi ìṣó kan àga láyé òun. Ihò lòun ń lu, òun á ki igi bọ igi, òun á fi gọ́ọ̀mù dè é. Àga náà mì díẹ̀, dípò kí obìnrin náà ránṣẹ́ sóun, alágbàṣe kan ló pè, ìyẹn sì gbá ìṣó mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ títí igi fi là.

Lọ́yà lu tábìlì. "A ti jàre! Ìṣó yẹn ni ẹlẹ́rìí wa. Ibo ni àga náà wà?"

"Ṣọ́ọ̀bù mi. Ìbínú ni ìyáàfin yẹn fi kó o wá dà síwájú mi."

"Ìṣó ṣì wà lára ẹ̀?"

"Ìṣó kẹ̀? Lára iṣẹ́ ọwọ́ mi? Mo ti yọ ọ́, mo ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀, mo sì ti kùn ún. Tí ẹ bá rí i, ẹ máa fẹ́ gbé e lọ sílé."

Lọ́yà bọ́ awò ojú ẹ̀. Ó béèrè ìṣó náà, káfíńtà ní òun ti dà á nù. Ó béèrè ẹsẹ̀ tó là, wọ́n ti fi dáná omi ìwẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ti tún ẹ̀rí wa ṣe."

"Ẹ ṣeun."

"Mi ò yìn yín o. Kí la fẹ́ gbé síwájú adájọ́ báyìí?"

"Ẹ jẹ́ kí adájọ́ jókòó lé e."

Inú ń bí lọ́yà, àánú ọkùnrin náà sì ń ṣe é, torí ogún ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan. Ó wá béèrè iye àga tí obìnrin náà rà.

"Mẹ́fà."

"Márùn-ún tó kù ńkọ́? Ṣé alágbàṣe yẹn fọwọ́ kàn wọ́n?"

"Gbogbo wọn ló gbá níṣòó, ìkà ẹ̀dá."

Lọ́yà dìde fùú. "Orí yín ò gbàbọ̀dè! Ẹyọ kan nínú wọn ti tó láti gbà yín. Ibo ni wọ́n wà?"

"Gbogbo ẹ̀ náà ló kó dà síwájú mi."

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìkankan o. Ṣé ẹ gbọ́?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó gbọ́wọ́ lé lọ́yà léjìká.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, lọ́yà mi. Mẹ́rin ti parí. Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ìyàwó mi ti ń yọ ìṣó èyí tó kù."