Ọmọ Méjìlá Tí Wọ́n Yá Bí Àga

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Òkè-Ìṣin lánàá, irú rẹ̀ kò wọ ibẹ̀ rí, láti ayé ìgbà tí koríko wà lórí ààfin náà títí di ìgbà tí wọ́n fi páànù bò ó. Kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀. Kì í ṣe ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ iṣu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewúrẹ́ wà nínú rẹ̀. Ìyá Àyìsátù ló pe Gàníyù lẹ́jọ́ pé ó yá ọmọ méjìlá lọ́wọ́ òun, kò sì dá wọn padà.

Màmá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Aṣọ tó fi ń lọ kírun Iléyá ló wọ̀ wá. Ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún kọ̀ọ́.

"Dìde, Àyìsátù," ni Ọba Adéoyè wí. "Eegun èmi àti ìwọ kì í ṣe eegun ìkúnlẹ̀ mọ́. Jókòó kí o rojọ́ rẹ."

"Kábíyèsí, ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ mọ̀ pé abẹ́ igi ìṣin ojúde mi ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń kàwé nírọ̀lẹ́. Yusrah, ọmọ ọmọ mi, ló ń kọ́ wọn. Èmi ń se ẹ̀wà fún wọn, mo sì ń bá wọn lé adìyẹ."

"A mọ̀."

"Ẹ sì mọ̀ pé àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n ń fún àwọn tó ń kọ́ ọmọ nílé ní ìrànwọ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á fún ẹnìkan ní páànù, wọ́n á fún ẹnìkan ní ìwé. Ṣùgbọ́n wọn kì í fún ọ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ wá fojú kòrókòró rí ọmọ tí ò ń kọ́."

"A mọ ìyẹn náà. Kí ni Gàníyù wá ṣe?"

"Ó wá bá mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo rò pé ẹnìkan kú ni. Ó ní, 'Màmá, àlejò ń bọ̀ wá wo ẹgbẹ́ tèmi lọ́la. Mo ní pátákó, mo ní òǹtẹ̀, mo ní bánà. Ọmọ nìkan ló kù. Ẹ yá mi ní méjìlá.'"

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Kábíyèsí fi etí agbádá bo ẹnu.

"O sì yá a?"

"Kábíyèsí, ta ní í dójú ti ọmọ ìlú rẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ sì ni. Ní Òkè-Ìṣin, ẹni tó ń ṣe ìnáwó kì í ra àga, kì í ra ìkòkò. Ilé dé ilé ló máa yá a kiri. Olóhun á ti fi ọ̀dà sàmì sí ìdí tirẹ̀, kó má baà bá ti ẹlòmíràn lọ.

"Mo mú òwú búlúù," ni Ìyá Àyìsátù ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "mo so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ní kó dá wọn padà kí a tó kírun Màgàríbà. Àlejò lọ, Gàníyù gba páálí ìwé méjì, ọmọ mi ò padà. Àwọn àlejò kan náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Sátidé. Tí wọn ò bá bá ọmọ lábẹ́ igi ìṣin, páànù tó yẹ kó bo orí wọn á kọjá lọ sí ìlú Rore. Ọdún kẹrin rèé tí òjò ti ń lé wa, Kábíyèsí."

Ó yára wúkọ́ níbi òjò yẹn, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó dùn ún.

Gàníyù ti wà lórí ìdúró. Orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ̀ ni Abdulganiyu, Alága Ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀ Ọmọ Wa. Òun ni alága, òun ni akọ̀wé, òun náà ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lápò, ewúrẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ààfin.

"Gàníyù, ṣé o yá ọmọ àbí o ò yá?"

"Mo yá, Kábíyèsí. N kò jalè."

"Kí ló dé tí o ò dá wọn padà?"

"Mo dá wọn padà o! Wàláì! Mo kó wọn dé ẹnu ọ̀nà Màmá. Kí n tó délé, wọ́n ti ṣáájú mi délé mi. Kábíyèsí, láti ọjọ́ tí mo ti ń yá àga nílùú yìí, ta ló rí àga tó ní òun ò relé?"

"Èmi ò rí i rí," ni Ẹ̀sà, olóyè àgbà, dá sí i.

"Ẹ̀sà, ẹ má bá a rojọ́," ni Kábíyèsí wí.

Gàníyù rí i pé ilẹ̀ fẹ́ rọ̀ fún òun, ó tẹ̀ síwájú. "Àti pé àṣà wa ni pé olóhun ló ń wá mọ àmì ohun rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ìnáwó. Màmá ò wá."

"Mo wá!" Ìyá Àyìsátù ti dìde, ó gbàgbé orúnkún. "Mo wá, ọmọ mẹ́rìnlélógún ni mo bá, òwú búlúù wà lọ́wọ́ gbogbo wọn! Ewúrẹ́ rẹ̀ pàápàá, Kábíyèsí, ẹ wò ó lẹ́nu ọ̀nà yẹn, òwú búlúù ló wà lọ́rùn rẹ̀!"

Gbogbo ojú yí sí ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ní mẹ̀ẹ́.

"Ṣé o ò wá mọ ojú àwọn ọmọ rẹ ni?"

"Mo mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fa ọ̀kan lọ́wọ́, Gàníyù á ní, 'Màmá, ẹ fi àmì hàn.'"

"Gàníyù, ta ló so òwú mọ́ àwọn tó kù?"

"Àwọn ọmọ àdúgbò tó tẹ̀ lé wọn wá ló so ó fúnra wọn o. Wọ́n rí i lọ́wọ́ àwọn méjìlá, wọ́n ní àwọn náà fẹ́."

"Ewúrẹ́ náà fẹ́?"

"Kábíyèsí, ewúrẹ́ yẹn kì í pa ọjọ́ kan jẹ."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Ebenezer tó ń ya fọ́tò ló kọ́kọ́ jáde.

"Ọmọ mélòó lo yà lọ́jọ́ tí àlejò wá?"

"Méjìlá gééré, Kábíyèsí. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì."

"Irọ́ ni!" Jímọ́ọ̀ télọ̀ ló ké láti ẹ̀yìn. "Mọ́kànlá ni wọ́n. Mubashir gba òwú tán, ó bá ìyá rẹ̀ lọ sóko ẹ̀gẹ́."

"Ẹ ò rí i!" Gàníyù fò sókè. "Mọ́kànlá ni mo yá, méjìlá ni Màmá ń béèrè lọ́wọ́ mi!"

"Pa ẹnu mọ́. Jímọ́ọ̀, bí ó bá jẹ́ mọ́kànlá, ta ni ìkejìlá tí Ebenezer kà?"

Jímọ́ọ̀ ń wo àjà.

Ebenezer gbé fóònù rẹ̀ fún Kábíyèsí. Kábíyèsí wá awò ojú rẹ̀, kò rí i, ó gba ti Ẹ̀sà lò.

"Èyí tó ga lẹ́yìn yìí, tó fi ìwé bo àgbọ̀n, ọmọ ta ni?"

"Ọmọ ìyá mi ni, Kábíyèsí," ni Jímọ́ọ̀ wí.

"Jímọ́ọ̀, ìwọ mà nìyí!"

"Gàníyù ló bẹ̀ mí. Ó ní àlejò máa kà wọ́n, kí n ṣáà ṣe bí ọmọ."

"Tìwọ ti irùngbọ̀n?"

"Mo fi ìwé bò ó."

"Orí ìwé náà wà nísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ wà lókè."

"Kábíyèsí, irùngbọ̀n ni mo ń bò, n kò kàwé."

Ẹ̀sà rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi bu omi fún un. Kábíyèsí ní kí wọ́n pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ. Hamidah ló wá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òwú búlúù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

"Hamidah, kí ni Màmá fi ṣe yín tí ẹ ò fi padà?"

"Màmá ò fi nǹkan kan ṣe wá. Ìwé la ń lọ wò. Ìwé ọ̀dọ̀ Bàbá Gàníyù ní àwòrán erin. Ìwé kan ṣoṣo ló wà lọ́dọ̀ Màmá, èèpo iwájú rẹ̀ ti já, a sì ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí."

"Gàníyù wá ń kà á fún yín?"

"Rárá o. Tí a bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n kọ sábẹ́ erin, wọ́n á ní ká ṣì máa wo erin ná."

Ẹ̀rín tún sọ. Gàníyù ń nu ojú bí ẹni tó rìn láti Esie wá lábẹ́ oòrùn.

"A ní kí Àǹtí Yusrah wá kà á fún wa," ni Hamidah fi kún un, "ṣùgbọ́n Màmá ní ọjọ́ tí Àǹtí bá fẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà Bàbá Gàníyù, kí ó má padà wọlé òun."

Ìyá Àyìsátù bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè rẹ̀ ṣe. Gèlè náà ò bàjẹ́.

Kábíyèsí fi etí sí Ẹ̀sà lẹ́nu, Ẹ̀sà fi etí sí Kábíyèsí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni Kábíyèsí gbé ohùn sókè.

"Gàníyù, nílùú yìí, tí aládùúgbò bá fi abọ́ gbé nǹkan wá fún ọ, ṣé ò ń dá abọ́ rẹ̀ padà lófìfo?"

"Rárá, Kábíyèsí. Wọ́n á fi nǹkan sí i, bó ṣe iyọ̀ ṣíbí kan."

"O ti bá mi dá ìdajì ẹjọ́. Àwọn ọmọ yìí ò ní padà lófìfo. Àwọn á máa lọ níwájú, ìwọ á ru páálí ìwé méjèèjì tẹ̀ lé wọn. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún. Abẹ́ igi ìṣin ni ìwé yẹn ń gbé láti òní."

"Kábíyèsí!"

"N kò tí ì ṣe tán. Àlejò ka Jímọ́ọ̀ mọ́ ọmọ iléèwé. N kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìlú mi purọ́ fún àlejò. Nítorí náà, Jímọ́ọ̀ ti di ọmọ iléèwé. Fá irùngbọ̀n rẹ kó tó di Sátidé. Ìwọ náà ti di ọmọ iléèwé, Gàníyù. Ẹ̀gbẹ́ Jímọ́ọ̀ lo máa jókòó sí títí o fi máa lè ka ohun tí wọ́n kọ sára bánà rẹ fúnra rẹ. Tí àlejò bá dé, ìwọ náà ni kí o rojọ́ Jímọ́ọ̀ fún wọn."

"Èmi alága?"

"Alága ni ọ́. Bẹ́ǹṣì lo máa jókòó lé."

Inú Ìyá Àyìsátù dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn ló dun Gàníyù jù.

"Màmá náà ńkọ́?" ló ké. "Gbogbo ìwé tí wọ́n ń jà lé lórí yìí, kí wọ́n ka ojú ìwé kan fún wa ká gbọ́!"

Àtẹ́wọ́ Màmá dúró láàárín méjì.

"Àyìsátù," ni Kábíyèsí pè é jẹ́jẹ́.

"Kábíyèsí."

"Èmi àti ìwọ la jọ wọ iléèwé. Ọ̀sẹ̀ mélòó lo ṣe?"

"Mẹ́ta."

"Kí ló mú ọ kúrò?"

"Wọ́n bí àbúrò mi. Wọ́n ní kí n wá máa pọ̀n ọ́n."

"Àbúrò náà dà?"

"Ó ṣe tíṣà ní Ìgbàjà títí tó fi fẹ̀yìn tì."

"Ìgbà wo lo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ?"

"Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Kábíyèsí."

"Kí lo wá ń dúró dè?"

Ọwọ́ rẹ̀ tún lọ sí gèlè. Kábíyèsí ò sì fi í sílẹ̀.

"Mo ń gba ojúde rẹ kọjá nírọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn àwọn ọmọ ni mo ń bá ọ, ò ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Abọ́ ẹ̀wà kan, láti ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìwé títí wọ́n á fi parí. Àyìsátù, ẹ̀wà wo ló ní òkúta tó bẹ́ẹ̀?"

Àwọn èèyàn fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọn ò rín in.

"O jàre ẹjọ́," ni Kábíyèsí wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó jàre náà gbọ́dọ̀ jìyà díẹ̀, kó má baà fẹ́ràn ààfin jù. Ìyà tìrẹ ni pé o ò gbọdọ̀ ṣa ẹ̀wà mọ́ nígbà ìwé. Bẹ́ǹṣì iwájú ni kí o jókòó. Hamidah ni á máa gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ. Ewúrẹ́ nìkan ni mo lé níléèwé. Ẹjọ́ tán."

Hamidah sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó tú òwú ọrùn ewúrẹ́, ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Àyìsátù, ó gba ọwọ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ ọn.

Màmá wo òwú náà. Ó tún na ọwọ́ sí ọmọ náà.

"So ó le dáadáa, ọmọ mi," ló wí. "Kí wọ́n má baà wá yá èmi náà lọ."