Ọjọ́ tí Mo Ti Omi Mọ́lé

Títí dòní, bí òjò bá ti ṣú dùdù lápá odò Ọ̀ṣun, tí afẹ́fẹ́ tútù sì ń gbé òórùn erùpẹ̀ wọlé, ọjọ́ kan wà tó máa ń padà sí mi lọ́kàn, tí ojú á sì tún tì mí bíi pé àná ni.

Oṣù kẹsàn-án ni. Òjò kò dáwọ́ dúró, wọ́n sì ń kìlọ̀ lórí rédíò pé kí àwa tí ilé wa wà nítòsí odò palẹ̀ mọ́, ká lọ sọ́dọ̀ ẹbí tó wà lókè. Ilé tí bàbá mi kọ́ ni èmi àti ìyàwó mi, Ìyá Sùrá, ń gbé nígbà náà. Ilé amọ̀ ni, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ lára ló mú kó dà bí ilé bíríkì. Orúnkún ń yọ ìyàwó mi lẹ́nu, kò lè rìn láìdi nǹkan mú. Ó ní ká tètè máa lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun ní ìlú Ara kí ọ̀nà tó bàjẹ́.

Mo ní, “Fọkàn balẹ̀. Mo ti ronú sí i.”

Ìrònú ọ̀hún rèé o. Mo ń fi garawa kó iyanrìn wọlé, mo ń rọ ọ́ sínú àpò ìrẹsì, mo sì ń to àwọn àpò náà sẹ́nu ọ̀nà iwájú àti ti ẹ̀yìn, títí wọ́n fi dé ìbàdí mi. Inú ilé ni mo tò wọ́n sí, kí òjò má baà pa wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Lójú mi lọ́jọ́ náà, ọgbọ́n gidi ni.

Ọ̀sán ni òjò ńlá náà dé. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé adùn òjò lórí páànù àtijọ́ fún ẹni tí kò sùn lábẹ́ rẹ̀ rí. Mo jókòó sórí àga mi, ilé ṣókùnkùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, oorun sì gbé mi lọ. Mo lá àlá pé mo ti padà sí yunifásítì, irun mi dúdú, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi, tí ọ̀pọ̀ wọn ti kú báyìí, ká ṣòkòtò sókè, a ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú àgbàrá. Ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín. Omi náà tutù, ó tù mí lára. Mo ń bẹ̀bẹ̀ lójú àlá pé kí ilẹ̀ má tíì ṣú.

“Bàbá Sùrá! Bàbá Sùrá o! Ẹ dìde, ẹsẹ̀ yín wà nínú omi!”

Mo lajú. Bàtà mi kan ń léfòó lọ síbi tẹlifíṣọ̀n, jẹ́jẹ́, bí ọkọ̀ ojú omi tí kò kánjú. Mo ń wò ó, n kò tíì gbà pé àlá ti tán. Omi ti gba ihò balùwẹ̀ wọlé. Ibẹ̀ nìkan ni n kò ronú kàn. Àwọn àpò mi sì ń ṣiṣẹ́ wọn dáadáa: omi tó bá ti wọlé kò rọ́nà jáde.

Ìyá Sùrá ló ń pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá. “Ẹ wo ògiri yìí! Ó ti ń mumi!”

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí. Ògiri amọ̀ tó bá mumi yó, wíwó ló ń wó, ìyàwó mi kò sì lè sáré. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé. Inú ni ilẹ̀kùn méjèèjì ń ṣí sí, àpò sì dí wọn. Mo fa àpò kan. Kò mì. Ṣebí garawa ni mo fi kó iyanrìn náà wọlé, ta ló ní mo lè gbé e lódidi?

Aládùúgbò wa, Ìyá Ìbejì, ti dé ojú fèrèsé, ó da ọ̀rá borí. “Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn, ká gbé Ìyá jáde!”

“Kò ṣeé ṣí.”

“Ta ló tì í?”

“Èmi ni.”

Ó yọjú wo àwọn àpò, ó wo omi. “Háà! Ẹ wá ti omi mọ́lé bí àgbò Iléyá?”

“Ẹ fi ọ̀bẹ ya àpò yẹn, kí iyanrìn rẹ̀ dà!” ni ìyàwó mi pariwo.

Mo wọ́ omi lọ mú ọ̀bẹ, mo sì ń ya àpò bí ẹni ń họ iṣu. Ìyá Ìbejì àti ọkọ rẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn láti ìta, èmi ń fà á. Ó ṣí lójijì. Omi gbé mi lẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀, mo fi ìdí yọ̀ gẹ̀rẹ́ dé ojúde, èmi àti ìkòkò ọbẹ̀. Níta, omi ti fà, kò dé kókósẹ̀ mọ́.

Ọkọ Ìyá Ìbejì gbé ìyàwó mi pọ̀n kọjá níwájú mi. Ìyá Sùrá bojú wò mí nínú ẹrẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. “Ẹ dìde nílẹ̀ jàre. Ṣé oorun tún ni?”

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn la jókòó sí tí a fi gbọ́ ọ: ògiri yàrá wa wó lulẹ̀, sórí bẹ́ẹ̀dì tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ìyá Sùrá di apá mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Bí wọ́n bá ní ẹ kúrò lẹ́bàá odò, ẹ kúrò. Ohunkóhun tí ẹ bá sì fi dí omi, ẹ má fi dí ọ̀nà tí ẹ máa gbà sá jáde.

Òkè là ń gbé báyìí. Bí òjò bá ń rọ̀, mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ìyàwó mi á ní òjò ń fẹ́ wọlé. Mo máa ń ní kó wọlé, tó bá ṣáà ti máa rọ́nà jáde. Àwa méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Tèmi ló máa ń kọ́kọ́ tán.