Èmi-Nìkan Wọ Súwẹ́tà fún Ìyá Rẹ̀

Tí ẹ bá fẹ́ rí ọmọ tó ń tọ́jú ìyá, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó rí i. "Èmi nìkan ni mò ń ṣe é o! Èmi nìkan!" Òun ló jẹ́ kí àdúgbò máa pè é ní Èmi-Nìkan. Èmi-Nìkan, àkọ́bí gidi, ọmọ tó ń fi ẹnu pọn ìyá rẹ̀ tí ẹ̀yìn ò mọ̀ sí i.

Láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì ìyá wọn, kò pa Sọ́ńdè kan jẹ. Á mú ọsàn wá, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, á fi ìka méjì di imú, á ní, "Màámi, ẹ pẹ̀lẹ́ o." Á wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago náà fẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò, ó sì ń dán. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìtọ́jú parí.

Ẹni tó ń gbé ìyá dìde, tó ń yí i padà kí ara rẹ̀ má baà dá egbò, tó ń fọ aṣọ ibùsùn nígbà tí ti àná ò tíì gbẹ, Àbíkẹ́yìn, àbúrò rẹ̀, ni. Ẹ̀yìn ń ro ó débi pé tó bá bẹ̀rẹ̀ mú ìgbálẹ̀, á kọ́kọ́ ro bó ṣe máa dìde. Oorun ńkọ́? Òun àti oorun ti di ọ̀rẹ́ tó ń kí ara wọn lókèèrè.

Ni nọ́ọ̀sì tuntun ní ilé ìwòsàn bá ránṣẹ́ káàkiri pé ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn nílé máa lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́, nínú ilé kan létí omi. Àwọn máa fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Àbíkẹ́yìn gbọ́ ọ, ó jókòó, ó sunkún díẹ̀. Omijé ò tíì gbẹ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi wọlé.

"Àbíkẹ́yìn, mo ti sọ fún wọn pé èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi? Ẹ̀yìn mi ló ń ro mí o."

"Orí ló ń kọ́kọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e. Bí àkọ́bí ò bá sinmi, odindi ìdílé á máa mí hẹlẹ. Òwe ni."

"Òwe ta ni, sà?"

"Tèmi ni. Èmi nìkan ni mo ni ín. Tí wọ́n bá dé lọ́la, inú kíṣìnnì ni kí o wà."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì àti obìnrin arọ́pò máa fi dé, Èmi-Nìkan ti pe àdúgbò jọ, ó ti pe ayàwòrán, kíá ló sì gbé báàgì rẹ̀ fún dẹ́rẹ́bà tó gbé wọn wá pé kó fi sẹ́yìn mọ́tò. Ó rojọ́ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, sà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Òtútù ń mú màmá. Ẹ bá wọn wọ súwẹ́tà yìí, kí arọ́pò yín rí bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ."

Ẹni tó bá ti ń ṣe é mọ̀ pé apá tó rọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wọ̀; èyí tó dáa á wá ọ̀nà ara rẹ̀. Èmi-Nìkan bẹ̀rẹ̀ láti apá tó dáa. Ó fi tipátipá ki orí bọ̀ ọ́. Orí ìyá wọlé, kò jáde mọ́. Ó ti ọwọ́ bọ inú apá súwẹ́tà lọ wá ọwọ́ òsì. Ni aago bá kọ́ òwú. Ó fà á, òwú fà á padà.

Ohùn kan jáde nínú súwẹ́tà: "Àlejò, ẹ rọra o."



"Àlejò kẹ̀, màámi? Èmi ni!"

"Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ máa ń mú ọsàn wá. Ẹ bá mi pe ọmọ mi ní kíṣìnnì."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí àìsàn ti dé, Èmi-Nìkan ò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ayàwòrán ò sì jáfara. Ṣebí fọ́tò ìyá àti ọmọ ni wọ́n pè é fún.

Àbíkẹ́yìn jáde, ọwọ́ kan ní ìbàdí. Ó tú aago, ó bọ́ súwẹ́tà kúrò lára ìyá, ó kọ́kọ́ mú apá òsì, ó wá mú ọ̀tún. Súwẹ́tà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ tó wà ní ìbàdí yẹn. "Dẹ́rẹ́bà, ẹ sọ báàgì ọ̀gá kalẹ̀. Sà, iṣẹ́ èèyàn méjì lèyí, ẹnì kan ló sì ti ń dá a ṣe. Arọ́pò á máa gbé orí, ẹ̀yin á máa gbé ẹsẹ̀."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin nìkan kọ́!" ni àdúgbò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Mọ́tò tó ń gbé Àbíkẹ́yìn lọ sílé etí omi ò tíì dé oríta tó ti sùn lọ. Nínú yàrá, arọ́pò ká apá aṣọ rẹ̀ sókè; ìtọ̀ ti mú ibùsùn tutù. Èmi-Nìkan bojú wo aago, òwú súwẹ́tà ṣì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀.

"Àlejò," ni ìyá wí, "ẹ bọ́ aago yẹn sílẹ̀. A máa pẹ́ díẹ̀."